Òòlù Tí Mo Fi Lu Ilẹ̀kùn Mọ́tò Pupa

Kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo ba ilẹ̀kùn mọ́tò ọmọ mi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bà á jẹ́, láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́, ìdí mi ló fà á. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, orí mi ni. Nínú àwọn méjèèjì, n kò tíì mọ èyí tó wúwo jù.

Mọ́tò pupa ni mọ́tò náà, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, oníjókòó méjì péré, ilẹ̀kùn méjì gbàǹgbà, tó sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òkú rẹ̀ ni ọmọ mi rà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ló ti ń jí i dìde díẹ̀díẹ̀: oṣù yìí, ó wá iná iwájú, oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá ìjókòó. Aṣọ tó fi ń nù ún mọ́ ju èyí tí mo fi ń nu ojú mi lọ. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, kì í pe mọ́tò náà lórúkọ míì ju "orogún mi" lọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ jù nínú gárééjì, á yọrí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, á ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi bẹ orogún mi kó fún yín láyè. Oúnjẹ yín ti tutù."

Inú gárééjì ni mọ́tò ń gbé, èmi náà sì ń gbé ibẹ̀ lójú ọ̀sán. Mo ní igun tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́: àga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, rédíò kékeré kan, àti àpótí irin ọkọ mi. Ọkọ mi tó ti dolóògbé, panẹ́bítà ni. Mọ́tò tí ara rẹ̀ bá tẹ̀, òun ni yóò lù ú títí yóò fi tọ́. Òòlù mọ́kànlá ló wà nínú àpótí náà, kò sí èyí tó jọ ìkejì. Àràárọ̀ ni mo máa ń kó wọn jáde, n óò fi òróró nù wọ́n, n óò tò wọ́n padà. Ta ló fẹ́ lò wọ́n? Kò sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, ara mi á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òróró yẹn dà sílẹ̀, mo gbàgbé pé èmi ni mo dà á, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fìdí jókòó láìròtẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ọlọ́run tó fún mi ní ìrọ̀rí lẹ́yìn mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ mi mú ojú le. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o. Tí nǹkan kan bá tún fi lè ṣẹlẹ̀ nínú gárééjì yìí, màá gbé àpótí yẹn lọ fún àwọn tó ń lò ó, màá sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó máa jókòó sí pálọ̀ bí àwọn ìyá tó kù."

Pálọ̀! Pálọ̀ tí àga onítìmùtìmù rẹ̀ ń gbé èèyàn mì bí ẹrẹ̀, tí wọ́n á gbé omi wá fún ọ kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́, tí kò sì sí ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀ tó ń fẹ́ ọwọ́ ẹni. Mo mọ àwọn ìyá tó ń jókòó sí pálọ̀. Wọ́n ń jókòó títí wọ́n á fi dà bí àga. N kò tíì fẹ́ di àga.

Nítorí náà, ẹ lè mọ bí ọkàn mi ti rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí. Ọmọ mi ti rìnrìn àjò iṣẹ́, ó ní ọjọ́ Sátidé ni òun máa dé. Nọ́ọ̀sì wà ní ọsibítù. Mo nu àwọn òòlù mi tán, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò pupa, mo wọ inú rẹ̀ lọ. Kí n má parọ́, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Bí ọmọ mi bá ti jáde, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀, n óò di sítíárì mú, n óò máa fi ẹnu ṣe "fùúùn, fùúùn." Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin!

Wíwọlé kò nira. Èèyàn kàn máa dá ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, ilẹ̀ á gbà á. Jíjáde ni ogun. Ìjókòó yẹn wà nísàlẹ̀ débi pé orúnkún mi ga ju àyà mi lọ. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo ké pe Ọlọ́run, n kò kúrò lójú kan. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí n lè ráyè da ẹsẹ̀ méjèèjì síta. Agbára tí mo rò pé ó ti tán lẹ́sẹ̀ mi, gbogbo rẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀kùn fò lọ, ó lọ kọlu etí tábìlì iṣẹ́. Gbàà!

Nígbà tí mo fi máa rí ọ̀nà fa ara mi jáde, tí mo rákòrò lórí sìmẹ́ńtì bí ọmọ oṣù mẹ́jọ, mo rí i. Ọ̀dà ti bó, ibẹ̀ sì là díẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Ẹni tó bá gbọ́n á jókòó, á sunkún díẹ̀, á sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi wo àpótí ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ti rí, kí ẹ lè mọ ohun tó fà á tí orí mi fi wú. Èèyàn méjì ló ń tọ́ páànù mọ́tò. Ẹnì kan á máa fi òòlù lù ú lóde, ẹnì kejì á fi irin kékeré kan tì í lẹ́yìn gbọin-gbọin, kí páànù má baà sá fún òòlù. Ọkọ mi ló ń lù, èmi ni mò ń tì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òfin kan ló sì wà níbẹ̀: ẹni tó ń tì kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò títí ẹni tó ń lù yóò fi ní, "Ó tó." Bí ó bá gbé ọwọ́ kúrò ṣáájú, páànù á wọ́, iṣẹ́ á di àtúnṣe. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bí ọmọ mi yìí gan-an, mò ń ti irin lẹ́yìn ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì kan nígbà tí omi ya sí mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi rò pé rédíétọ̀ ló ń jò. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ lù ú tán kíákíá, ọmọ ń bọ̀." Ó lù ú tán, ó ní ó tó, ìgbà yẹn ni mo tó pariwo.

Ṣé ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò wá bẹ̀rù ibi tó là bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé? Mo mú òòlù orí pẹlẹbẹ. Kò sí ẹni tí yóò bá mi tì í lẹ́yìn, mo ní kò burú, n óò rọra lù ú.

Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan. Kò dún bí páànù. Ó dún bí igbá. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, kí n bi ara mi léèrè ọ̀rọ̀. Mo tún un lù. Òòlù wọlé. Orí rẹ̀ wọ inú ilẹ̀kùn lọ, ó ku igi rẹ̀ níta, bí alángbá tó kó sínú ihò tó gbàgbé ìrù.

Ìgbà náà ni mo wá rántí òòfà. Irin òòfà kékeré kan wà nínú àpótí yẹn tí ọkọ mi máa ń kọ́kọ́ fi kan ara mọ́tò yòówù tí wọ́n bá gbé wá. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, kí òòlù máa bọ̀. Bí kò bá lẹ̀, kí òòlù padà lọ sùn. Mo mú un, mo fi kan ilẹ̀kùn pupa. Ó já bọ́ lulẹ̀ bí èso tó rà. Fáíbà ni ara mọ́tò náà látòkèdélẹ̀, kì í ṣe irin! Opó panẹ́bítà ti fi òòlù tọ́ fáíbà. Bí ọkọ mi bá gbọ́ ọ níbi tó wà, á tún kú.

Ní aago mẹ́ta, Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gárééjì, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀, ó ń wo igi òòlù tó yọ síta lára ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí ni mò ń wò yìí?"

"Òòlù ni."

"Mo mọ̀ pé òòlù ni. Kí ló ń ṣe lára orogún mi?"

"Mò ń tún un ṣe ni."

Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ yíká bí ẹni tó ń wo ikùn aláìsàn. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ìyàwó ilé wa ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí fìlà nọ́ọ̀sì fi ṣí bọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà! Ẹ̀ẹ̀, Màmá! Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi na obìnrin yìí!"

"Má rẹ́rìn-ín mọ́, ìyàwó mi. Ọkọ rẹ ti ní òun máa gbé àpótí lọ. Ó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rín náà dúró. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tí mò ń sọ. Òun ló ń bá mi ra òróró tí mo fi ń nu òòlù. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Sátidé ló ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin la ní. Ta lẹ mọ̀?"

Mo mọ ẹnì kan. Ọmọṣẹ́ ọkọ mi ni nígbà kan, òun náà ti di bàbá arúgbó báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ìkòríta. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí kò tíì sí ohun tó kánjú ṣe rí láyé rẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé bí iná bá ràn mọ́ Jẹ́jẹ́ láṣọ, á kọ́kọ́ béèrè irú iná tó jẹ́. Mo ti fa etí ọkùnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tó ṣì jẹ́ etí kékeré. Ó ti wá gùn báyìí. Mo máa ń rò ó pé mo lọ́wọ́ sí i.

Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo ní kó tètè dìde kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà há síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo òòlù tó ṣì wà níbẹ̀, torí ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fà á yọ. Ó wá wò mí.

"Ìyá wa, ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Olè ni."

"Olè?"

"Olè kan wọlé."

"Olè wọlé, ó mú òòlù ọ̀gá mi, ó fi lu mọ́tò, ó fi òòlù sílẹ̀, kò sì gbé rédíò."

"Jẹ́jẹ́, n óò fa etí rẹ."

"Ẹ má bínú, Ìyá wa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá olè náà fi òòfà kàn án kó tó lù ú ni."

Mo gbé àga fún un, mo jẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín mi. Ó kàn yọ òòlù náà pẹ̀lẹ́, ó nù ún, ó dá a padà sí àyè rẹ̀ gan-an nínú àpótí, láìbéèrè ibi tó ń gbé.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, tó sì dẹ etí sí i bí ẹni tó ń yan àgbọn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúró. Ó tún kàn án. Ẹ̀rín kékeré kan yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá wa."

"Jẹ́jẹ́!"

"Ẹnì kan ti tún ibí yìí ṣe rí ni. Iṣẹ́ náà dára gan-an. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Ìwọ? Nígbà wo? Ta ló gbé e wá?"

"Ìyá wa, ẹni tó bá gbé mọ́tò wá bá mi ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ṣé ẹ̀yin náà ò fẹ́ kí n bo tiyín ni?"

Mo wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ má wò mí o. Èmi àti obìnrin yẹn kì í bá ara wa sọ̀rọ̀."

Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wa pé a kì í lu fáíbà. Aṣọ ni, aṣọ tí wọ́n fi dígí hun. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú oje kan, wọ́n á tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, oje á gbẹ, á sì le bí òkúta. Ọjọ́rú, ó lọ wá aṣọ. Ọjọ́bọ̀, ó tú awọ inú ilẹ̀kùn kúrò, ó gé etí ihò náà, ó fi sáńpépà yún un títí. Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fá irun ọba.

"Ṣé o ò lè yára díẹ̀ ni?"

"Ìyá wa, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ṣé èmi tí mo fagbára mú un lò ń bú?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó ní ní ọjọ́ Jímọ̀ òun máa tẹ́ aṣọ fáíbà, ní òwúrọ̀ Sátidé òun máa kùn ún lọ́dà, kí ọmọ mi tó dé, ojú ibẹ̀ á ti dán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Ihò náà tóbi. Bí ó bá tẹ́ aṣọ lé e lóde, aṣọ á wọnú ihò kó tó gbẹ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú mọ́tò, kó ki ọwọ́ gba inú ilẹ̀kùn, kó fi pátákó pẹlẹbẹ kan tì í lẹ́yìn.

"Mo lè pe ẹnì kan wá láti ṣọ́ọ̀bù," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ẹnì kan wo? Ta ló ń tì í fún ọ̀gá rẹ?"

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti ọsibítù. Ó rọra bá mi sọ ara mi kalẹ̀ sínú mọ́tò, bí ẹni tó ń ki aṣọ bọ àpótí tó ti kún. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, mo ti pátákó mọ́ ẹ̀yìn ihò, Jẹ́jẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóde. Oje náà ń ta mí nímú. N kò rí ọwọ́ Jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣàà, ṣàà, ṣàà, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára. Ibi tó bá tẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń tì padà. Kò ní láti sọ fún mi. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí ọkọ mi ti lọ, ọwọ́ yìí kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Orúkọ àwọn ará àdúgbò ni mò ń gbàgbé.

"Ìyá wa, mo ti tẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ogún ìṣẹ́jú. Á gbóná díẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò ṣáájú, ikùn rẹ̀ á wọlé, a ó tún gé e látìbẹ̀rẹ̀."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Lù ú."

"A kì í lu tibí, Ìyá wa."

"Mo mọ̀!"

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà la gbọ́ géètì. Mo rí Nọ́ọ̀sì láti inú dígí. Ó yọjú wo ìta, ó yí padà, ojú rẹ̀ ti dà bí ẹni tó gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò yẹ. "Ọkọ mi ni!"

Ó ku ọjọ́ kan! Wọ́n ní ìpàdé wọn tètè parí. Nọ́ọ̀sì sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. "Ọkọ mi! Ẹ káàbọ̀! Ẹ jẹ́ kí n gba báàgì! Ẹ jẹ́ ká wọlé tààrà lọ jẹun!" Níbẹ̀ ló ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sáré pàdé rẹ̀ rí. Ọmọ mi kọjá lára rẹ̀, ó wọ gárééjì lọ́gán.

Ó wo Jẹ́jẹ́ tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú gba ojú fèrèsé mọ́tò.

"Màmá?"

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ọ̀nà dára?"

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo jókòó ni."

"Ẹ jáde."

"Mi ò lè jáde."

"Kí ló dé tí ẹ ò lè jáde?"

"Jẹ́jẹ́ ò tíì ní ó tó."

Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó tó."

Jẹ́jẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, Ọmọ Ọ̀gá."

Ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ti jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìdí, mo sọ ti ẹsẹ̀, mo sọ ti òòlù. Nígbà tí mo dé ibi òòfà, ohùn mi lọ sílẹ̀, torí ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Bàbá rẹ̀ ló jọ. Ẹni tó bá ń pariwo kò tíì bínú nínú ilé wa.

"Màmá, kí ni mo sọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn?"

"O ní wàá gbé àpótí lọ."

"Kí ni mo tún sọ?"

"Wàá gba kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?"

"O sọ ọ́."

Ó lọ bá àpótí náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbé e. Àpótí ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó tún gbé e, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ bá mi gbé e."

"Ọmọ Ọ̀gá, oje ló kún ọwọ́ mi."

"Ẹ nù ún kúrò."

"Ó tún ku nǹkan kan. Èmi ni mo gbé àpótí yẹn wọ ilé yìí lọ́sẹ̀ tí a sin ọ̀gá mi. Kí ọ̀gá mi tó kú, wọ́n ti ní kí n gbé e wá fún ìyàwó àwọn. Wọn ò sọ fún mi pé màá gbé e jáde."

Ìgbà yìí ni ọmọ mi wá pariwo. "Ṣé gbogbo yín ò mọ ohun tí mọ́tò yìí jẹ́ sí mi ni? Ọdún mẹ́jọ! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú rẹ̀, eṣinṣin ò bà lé e! Ilẹ̀kùn tí nǹkan kan ò kàn rí láyé..."

"Ọmọ Ọ̀gá." Ohùn Jẹ́jẹ́ rọ̀ bí òwú.

"Kí ni?"

"Ilẹ̀kùn wo ni nǹkan kan ò kàn rí?"

Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ lé àyà.

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Mò ń gbọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè ni mo bi í."

"Ọkọ mi?"

"Ṣé ẹ rí i... òpó géètì ni. Lọ́dún tó kọjá. Nǹkan kékeré ni."

"Lọ́dún tó kọjá. Ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé wọ́n wá yá a fún àfihàn mọ́tò, ọjọ́ márùn-ún gbáko?"

Ọmọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

"Tí ojú yín rẹ̀wẹ̀sì? Tí mo rò pé àárò rẹ̀ ló ń sọ yín? Tí èmi, ìyálé, dìde nílẹ̀ tí mo se oúnjẹ aládùn fún yín kí ẹ má baà ro ti orogún mi jù?"

Nínú mọ́tò tí mo wà, ẹ̀rín ń pa mí lọ, n kò sì gbọdọ̀ mì. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan: kí ẹ̀rín dì yín nínú, kí ikùn yín máa fò sókè sódò, kí ọwọ́ yín má gbọ̀n. Pátákó ti gbóná bí ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi wàràwàrà. Ọmọ mi tó ń wá ibi tó máa sá fún ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ojú fèrèsé, ó rí mi.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹ̀rín ni. N kò sọ. Ìyá wo ló máa sọ ọ́?

"Ṣé ó ń jó yín lọ́wọ́ ni?"

"Ó gbóná."

"Ẹ gbé e kúrò. Ilẹ̀kùn lásán ni, Màmá."

"Kì í ṣe lásán. Ilẹ̀kùn rẹ ni. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á wọ́."

Ó ń wò mí. Ó wo apá mi tó wọnú ilẹ̀kùn, ìbọ̀wọ́ tó ti ya ní àtàǹpàkò, orúnkún mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Lẹ́yìn náà ó nà ró, ó padà lọ bá àpótí.

"Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ tì í."

"Síbo, Ọmọ Ọ̀gá?"

"Sọ́hùn-ún, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àti tábìlì yìí, àti àga wọn. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ráyè ṣí."

Oje tó wà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ tán lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì tì í, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n tún gbé rédíò mi tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná, ó ń dá sọ̀rọ̀ lọ: "Àfihàn mọ́tò. Àfihàn!" N kò gbọ́ kí ọmọ mi béèrè kọ́kọ́rọ́. Èmi náà ò rán an létí.

Ó wá gba ẹ̀yìn mọ́tò yíká, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé jókòó tì mí. Orúnkún tirẹ̀ náà ga dé àyà. Àwa méjèèjì ń wo ògiri gárééjì bí ẹni tó ń wo ọ̀nà. Lóde, Jẹ́jẹ́ ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́fà, Ìyá wa." Mo tún ti pátákó dáadáa.

Ọmọ mi yíjú wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ.

"Màmá, ti ibí yìí náà là nísàlẹ̀, mo kàn fi ọ̀dà bò ó ni. Ṣé ọwọ́ yín á dilẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ìyàwó mi tó ti ibi iṣẹ́ dé?"